Ṣé Bọ́mà ni Bàbá Lọ Lóòótọ́? Bí A Ṣe Ń Tú Ìtàn Sójà àti Ti Àwọn Tó Fi Sílẹ̀ Nílé

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Sábó Kánò àti Àbújá, fọ́tò kan máa ń wà lára ògiri pálọ̀: ọkùnrin kan nínú ṣòkòtò péńpé kakí, fìlà rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ le koko. Tí ọmọdé bá bèèrè, wọ́n á ní, "Bàbá àgbà nìyẹn, ó lọ Bọ́mà." Ibẹ̀ ni ìtàn sábà máa ń parí sí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ o. "Bọ́mà" ti di orúkọ gbogbo ogun tí sójà wa lọ, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo. Ogun mẹ́rin ló wà nínú orúkọ kan ṣoṣo yẹn, iṣẹ́ ipá kan tí kì í ṣe ogun rárá sì tún fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò lọ máa wá ìwé níbi tí ìwé kò sí.

Ta ni wọ́n bá jà?

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè ọdún, torí ọdún ni àgbàlagbà máa ń tètè gbàgbé. Ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n bá jà, kí ẹ sì bèèrè ohun tí wọ́n wọ̀ débẹ̀.

Bó bá jẹ́ Jámánì ni wọ́n bá jà ní Kamẹrúùnù, ogun 1914 sí 1918 ni. Àwọn sójà Nàìjíríà wà nínú àwọn tó gba Garua ní oṣù kẹfà 1915, wọ́n sì wà lẹ́sẹ̀ òkè Mora títí àwọn Jámánì tó wà lórí rẹ̀ fi túúbá ní oṣù kejì 1916. Ní ìparí ọdún yẹn ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, níbi tí ìjà líle Mahiwa ti wáyé ní oṣù kẹwàá 1917. Ẹ fi ọjọ́ orí wọ̀n ọ́n: ẹni tí wọ́n bí ní 1920 kò lè dé ibẹ̀ láéláé.

Bó bá jẹ́ Ítálì ni, Sòmálíà àti Etiópíà ni bàbá lọ. Ní 1940 ni wọ́n gbé wọn lọ sí Kenya, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọ Sòmálíà. Bìrìgéèdì Nàìjíríà wọ Mogadishu ní 25 oṣù kejì 1941, ó dé Harar ní 26 oṣù kẹta, Addis Ababa sì bọ́ ní 6 oṣù kẹrin. Aṣálẹ̀, ọkọ̀ ẹrù àti òùngbẹ ló máa ń kún inú ìtàn àwọn wọ̀nyí. Àwọn kan nínú wọn padà lọ Bọ́mà lẹ́yìn náà, nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ ìtàn aṣálẹ̀ àti ìtàn igbó kìjikìji lẹ́nu ẹnì kan, ẹ má rò pé ó ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Jàpáànù ni ọ̀tá ní Bọ́mà gidi. Láti 1943 ni wọ́n ti ń kó wọn wọ ọkọ̀ ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn á yí gbogbo ìsàlẹ̀ Áfíríkà po kí wọ́n tó dé Bombay. Bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Òjò, eṣúṣú, ibà, odò àti òkè ni ẹ óò máa gbọ́, àti ọkọ̀ òfurufú tó ń da oúnjẹ sílẹ̀ láti ojú ọ̀run. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni bàbá, ìbéèrè kan wà tó máa ń ran ni lọ́wọ́: inú oṣù wo ni wọ́n gbọ́ pé ogun parí? Jàpáànù túúbá ní 15 oṣù kẹjọ 1945, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní 2 oṣù kẹsàn-án, àárín Ramadan sì ni méjèèjì bọ́ sí lọ́dún náà. Àwẹ̀ kò sí nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1945 tí Jámánì túúbá. Ẹni tó bá ní "a wà nínú àwẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ó ti tán", ọ̀rọ̀ Jàpáànù ló ń sọ.

Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ Adékúnlé, Murtala tàbí Shuwa, ogun Bìáfrà nìyẹn, 6 oṣù keje 1967 sí 15 oṣù kìíní 1970. Orúkọ ọ̀gá yìí wúlò ju ohun tí ẹ lè rò lọ, torí ó ń sọ ọ̀nà tí sójà náà gbà. Dífíṣọ̀n kìíní tí Shuwa darí gba ọ̀nà Nsukka wọlé láti àríwá. Murtala darí èkejì láti Benin lọ sí Asaba àti Onitsha. Adékúnlé darí àwọn Marine Commando, tí wọ́n gba orí omi wọ Bonny àti Calabar.

Bàbá lọ "ogun", ṣùgbọ́n kò rí òkun

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní apá Àríwá ti ń ṣi ọ̀nà. Nígbà tí Jàpáànù gba Malaya àti Singapore ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò tó kùsà (tin, irin tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀) ibẹ̀ mọ́, kùsà Jọ́ọ̀sì ló sì kù fún wọn. Ìjọba bá ṣòfin iṣẹ́ ipá. Wọ́n bu iye ènìyàn lé ẹ̀kún (province) kọ̀ọ̀kan lórí, àwọn ọba àti baálẹ̀ sì ní láti kó iye yẹn jọ. Láàárín 1942 sí 1944, ó lé ní 100,000 ọkùnrin tí wọ́n kó lọ sórí òkè náà báyìí láti onírúurú ẹ̀kún apá Àríwá. Ọ̀pọ̀ kú, nítorí òtútù òkè, oúnjẹ tí kò tó, omi tí kò mọ́ àti àrùn inú àgọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ìdílé, "wọ́n fi ipá mú bàbá lọ nígbà Hítílà" ni gbogbo rẹ̀ á di, àwọn ọmọ á sì túmọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ sójà. Ẹ bèèrè ohun tó dì mọ́wọ́: ìbọn ni àbí ṣọ́bìrì? Ẹ bèèrè oṣù mélòó ló lò: oṣù díẹ̀ ni ti kùsà, ọdún ni ti Bọ́mà. Tó bá jẹ́ kùsà, kò ní nọ́ńbà sójà, kò ní mẹ́dà. Ìtàn rẹ̀ wà nínú fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀, a óò sì dé ibẹ̀. Lójú tiwa, ìtàn tiwọn yìí ni wọ́n fojú fò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ogun náà, torí pé kò sí ẹni tó ya fọ́tò wọn kọ́ sí pálọ̀.

Ohun tí fọ́tò ń sọ

Ẹ yọ fọ́tò náà kúrò nínú férémù pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òǹtẹ̀ ayàwòrán, orúkọ ìlú tàbí ọjọ́ lè wà níbẹ̀. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á. Ẹ fi fóònù yà á bó ṣe wà, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí iná má baà tàn sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo èjìká àti fìlà. Igi ọ̀pẹ lára báàjì fìlà ni àmì gbogbo ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, yálà Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró tàbí Gambia. Lórí èjìká, aláǹtakùn dúdú nínú róbótó pupa rúsúrúsú ni ti Dífíṣọ̀n 81, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta 1943, tó sì jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú-àti-funfun, yóò dà bí àbààwọ́n dúdú nínú róbótó fífẹ́rẹ̀. Ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá ni ti Dífíṣọ̀n 82. Òṣùká tí alágbàrù ń fi sórí náà ni wọ́n yà síbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ìdí ni pé kò sí ọ̀nà ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń lọ. Àwọn sójà Dífíṣọ̀n 81 fúnra wọn ló la ọ̀nà jíìpù bíi máìlì 75 la orí òkè kọjá kí wọ́n tó wọ Kaladan. Látibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfurufú ló ń sọ oúnjẹ àti ọta sílẹ̀, orí ènìyàn ló sì ń gbé e tẹ̀ síwájú, bíi 40 pọ́n-ùn fún ẹnì kan, ìyẹn nǹkan bíi kílò 18. Sójà ni àwọn tó ń ru ẹrù wọ̀nyí, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò gbé ìbọn. Nítorí náà tí bàbá bá lọ Bọ́mà tí kò yìnbọn rí, kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìtìjú. Àwọn awakọ̀, oníṣẹ́ ọ̀nà, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ti àgbá náà wà.

Bó bá ní ọkọ̀ òfurufú ló gbé òun balẹ̀ sẹ́yìn ọ̀tá, bàtálíọ̀nù kẹfà, ìkeje tàbí ìkejìlá ti Nigeria Regiment ni kí ẹ wá. Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n yọ kúrò nínú Dífíṣọ̀n 81 fún àwọn Chindit, ọmọ ogun ọ̀gágun Wingate tó ń jà lẹ́yìn ọ̀tá, ní 1944.

Orúkọ bárékè kì í ṣe ojú ogun

Ẹni tó bá ń gbé Kàdúná mọ Dalet àti Kalapanzin. Ní Saria, Chindit wà. Ìbàdàn ní Letmauk, Èkó ní Dodan, Arakan àti Myohaung. Bọ́mà ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti wá. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n fi wọ́n sọ bárékè.

Àṣìṣe tó ń tibẹ̀ wá pọ̀. Wọ́n á ní bàbá sọ pé òun "wà ní Dalet", ọmọ á wo íntánẹ́ẹ̀tì, á rí Dalet ní Bọ́mà, á sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú pé bàbá jagun níbẹ̀. Bárékè Kàdúná ni bàbá ń sọ, ní nǹkan bíi 1965. Ẹ bèèrè bóyá ìyàwó àti ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá wà, tí wọ́n sì rántí orúkọ magájíyà tó ń ṣe olórí àwọn ìyàwó sójà, bárékè nìyẹn, kì í ṣe ojú ogun.

Ọ̀rọ̀ orúkọ, níbi tí gbogbo nǹkan ti ń dojú rú

Akọ̀wé ológun kì í bèèrè orúkọ bàbá ẹni. Orúkọ kan ni yóò gbà, yóò wá fi orúkọ ìlú lé e lẹ́yìn. Sàlámì tó wá láti Ọ̀fà á di Salami Offa. Bẹ́ẹ̀ ni Àlàbí Ìbàdàn, Músá Ìlọrin, Ojó Kàbbà. Ẹni tó bá ń fi orúkọ ìdílé tí wọ́n ń jẹ́ lónìí wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní rí i títí ayé. Orúkọ ìlú ni kí ẹ fi wá a, kí ẹ sì kọ ìlú náà bí òyìnbó ṣe kọ ọ́: Offa, Ogbomosho, Oshogbo, Illorin pẹ̀lú L méjì nígbà mìíràn. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ ìlú tí wọ́n ti gbaṣẹ́ ni wọ́n fi sọ wọ́n, kì í ṣe ìlú wọn. Ọmọ Ọ̀fà tó gbaṣẹ́ ní Saria lè di Salami Zaria.

Èdè Haúsá tún dá kún un, torí òun ni wọ́n ń sọ nínú iṣẹ́ ológun nígbà náà. Lawani á di Lawal, Yésúfù á di Isuhu, Súlè á di Suleimanu. Nínú ìlà tí wọ́n ń kọ ẹ̀yà sí, ọ̀pọ̀ Yorùbá ni wọ́n kọ "Hausa" fún. Òyìnbó gbà pé ará Àríwá ló mọ ogun jà, ẹni tó bá sì ń wáṣẹ́ á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹ má fi ìlà ẹ̀yà yẹn kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nọ́ńbà kì í ní ìṣòro bí orúkọ. Ti ogun Hítílà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA àti ìlà gẹẹrẹ, kí òǹkà tó tẹ̀ lé e. NA yìí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú N.A. (Native Authority) àwọn ọba tó ń sanwó fún dògárì. GC ni ti Gold Coast. Tó bá jẹ́ pé òǹkà ọdún ló ṣáájú NA, bíi 67NA, ọmọ ogun Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira nìyẹn, ọdún tó wọṣẹ́ ni 67. Òǹkà méjì yẹn nìkan ti tó láti yọ ẹnì kan kúrò ní Bọ́mà.

Mẹ́dà

Mẹ́dà onígun mẹ́fà tó dà bí idẹ ni wọ́n fún àwọn tó jagun Hítílà, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ló sì ń sọ ibi tí wọ́n lọ. Ti Bọ́mà ní pupa fífẹ̀ láàárín, búlúù dúdú lọ́tùn-ún lósì, ìlà ọsàn sì wà nínú búlúù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún àwọn tó wà níbẹ̀ láàárín 11 oṣù kejìlá 1941 sí 2 oṣù kẹsàn-án 1945. Africa Star ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú: wọ́n rò pé gbogbo sójà tó wà ní Áfíríkà ló ni ín. Rárá. Etiópíà, Sòmálíà àti apá àríwá Áfíríkà ni. Ẹni tí kò kúrò ní Kàdúná kò ní í gba ìràwọ̀ kankan, àfi mẹ́dà róbótó funfun tí wọ́n ń pè ní War Medal, tí ọjọ́ 28 nínú iṣẹ́ ti tó fún.

Kò sí orúkọ lára mẹ́dà ogun Hítílà tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun wa. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ayédèrú ni tiyín torí kò ní orúkọ, kò mọ̀ ọ́n. Ti ogun 1914 ló ní orúkọ àti nọ́ńbà, létí rẹ̀ yíká. Ẹ má fi eérú tàbí ọṣẹ bó wọn o. Aṣọ gbígbẹ ti tó, torí lẹ́tà kéékèèké yẹn tètè ń pa rẹ́.

Ibi tí ìwé wà

Ọ̀pọ̀ Yorùbá á ronú pé Ìbàdàn ni ìwé Yorùbá wà. Fún ọmọ Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbómìnà, Yàgbà, Ìjùmú tàbí Búnú, Kàdúná ni. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ẹ̀kún Ìlọrin àti Ẹ̀kún Kàbbà wà nígbà náà, National Archives tó wà ní Yakubu Gowon Way ní Kàdúná ni fáìlì wọn sì dé sí. Ọmọ Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ló ń lọ Ìbàdàn. Ogbomosho àti Ọ̀fà kò jìnnà síra, síbẹ̀ ilé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lọ.

Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti lẹ́tà tó sọ ohun tí ẹ ń wá dání. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nǹkan, kì í ṣe bírò. Ẹ kò ní wọ inú yàrá ìwé fúnra yín: wọ́n á fún yín ní ìwé àtòkọ, ẹ óò wá nọ́ńbà fáìlì nínú rẹ̀, ẹ óò kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, wọ́n á lọ gbé e wá. SNP ni ti ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà Àríwá, Ilorprof ni ti Ẹ̀kún Ìlọrin, Lokoprof ti Kàbbà àti Lokoja. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà náà pátá, torí bí ẹ bá fi lẹ́tà kan sílẹ̀, fáìlì mìíràn ni yóò dé. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yọ fóònù láti ya ohunkóhun.

Ẹ má retí fáìlì tó ní orúkọ bàbá yín lẹ́yìn. Orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi to fáìlì: ìgbanisíṣẹ́, àwọn sójà tó padà bọ̀, owó ìdílé, àwọn tó sá. Inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni orúkọ máa ń wà, nínú àtòkọ gígùn kan.

Ilé ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, WO sì ni nọ́ńbà fáìlì wọn fi ń bẹ̀rẹ̀: WO 172 fún Bọ́mà, WO 173 fún àwọn tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WO 95 fún ogun 1914, WO 373 fún àwọn tó gba àmì ìgboyà. Orúkọ sójà lásán ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ti ọ̀gá òyìnbó ló pọ̀. Ohun tí ẹ óò rí ni ibi tí bàtálíọ̀nù náà sùn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí sójà náà bá kú lójú ogun, ọ̀rọ̀ rọrùn: Commonwealth War Graves Commission ní àtòkọ tí ẹ lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ orúkọ ìlú sínú àyè orúkọ ìdílé, kí ẹ sì yan Nigeria Regiment. Àwọn tí wọn kò rí sàréè wọn wà lára òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan, níbi tí orúkọ bíi 27,000 wà. Ẹni tó padà wálé láàyè kò sí níbẹ̀ rárá, nítorí náà ẹ má wá a.

Fún ogun Bìáfrà, ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì (èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Nigerian Legion) ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ara wọn, wọ́n sì lè sọ ẹni tó bá bàbá wà ní bàtálíọ̀nù kan náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun wà ní Saria, nínú bárékè Chindit. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú kí ẹ tó lọ, torí ẹnu ọ̀nà bárékè kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń ṣàlàyé ara rẹ̀.

Àwọn tó kù nílé

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìwé nípa àwọn tí kò lọ ogun pọ̀ ju ti àwọn tó lọ. Sójà máa ń ní kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó òun fún ìyàwó tàbí ìyá, ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ìgbà tí owó náà kò bá dé ni ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá á lọ bá akọ̀wé lẹ́tà lábẹ́ igi, á sanwó, wọ́n á kọ ẹ̀bẹ̀ sí ajẹ́lẹ̀, ajẹ́lẹ̀ á kọ̀wé sí àwọn ológun, èsì á padà dé lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà sójà, ìlú rẹ̀, orúkọ ìyàwó àti agbolé rẹ̀ ti máa ń pàdé lójú ewé kan ṣoṣo. Ẹjọ́ tún wà: ìyàwó tó ti fẹ́ ẹlòmíràn torí kò gbúròó ọkọ, ẹ̀gbọ́n tó ná owó àbúrò, ilẹ̀ tí wọ́n pín nígbà tí wọ́n rò pé ó ti kú.

Ẹ má gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà wọ̀nyẹn bí ó ṣe wà o. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé lẹ́tà pọ̀ nínú rẹ̀, "ìránṣẹ́ yín onírẹ̀lẹ̀" àti ẹkún tí kò ti ẹnu ìyá náà jáde. Orúkọ, iye owó àti ọjọ́ ni kí ẹ mú. Bákan náà ni lẹ́tà tí sójà kọ wálé: ẹlòmíràn ló sábà ń bá a kọ ọ́, ọ̀gá sì ti kà á, ó ti fi íńkì pa orúkọ ìlú rẹ́. Bí lẹ́tà kò bá sọ ibi tí ó wà, kì í ṣe pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Nílé, ìyá àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì, kí bàbá tó gbà á sọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ọmọ tó wà nínú oyún nígbà tí bàbá lọ, ọmọ tó ti ń rìn nígbà tó dé, àti ẹni tó ń bá a gba owó lọ́fíìsì. Ẹ tan fóònù sílẹ̀ kó máa gbohùn, kí ẹ sọ fún un pé ó ń gbohùn, kí ẹ sì gbé e sórí aṣọ, má jẹ́ orí tábìlì pákó, torí ìró ife tíì á bo ohùn rẹ̀. Wákàtí kan ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀; ẹ má bá a parí gbólóhùn. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, torí ìlú tí wọ́n bí ọmọ sójà sí ni ìwé ìrìnàjò bàbá rẹ̀.